Báwo ni Romanticism ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ń yin igbó tí àáké ti wà nídìí rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Lítíréṣọ̀ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò lórí lítíréṣọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 1820 títí di ìgbà tí ogun abẹ́lé wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1861, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìgbà Romanticism. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún wa kò ṣòro láti há sórí: àwọn Romantic gbé ìmọ̀lára ga ju làákàyè lọ, wọ́n ka ohun tí ọkàn ẹnì kọ̀ọ̀kan bá sọ sí ju òfin tí àwùjọ gbé kalẹ̀ lọ, wọ́n sá kúrò nínú ariwo ìlú lọ sínú igbó àti sórí òkè, wọ́n sì fẹ́ràn ohun àtijọ́ àti ohun àràmàǹdà. Mo lè kọ gbogbo èyí sínú ìwé ìdánwò, kí n sì gba máàkì lé e.

Ohun tó ń rú mi lójú ni ìgbà tí àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣẹlẹ̀. Mo kọ àwọn ọdún sílẹ̀ sójú ìwé kan tí mo pín sí méjì. Apá òsì ni mo kọ àwọn iṣẹ́ ọnà sí: ìtàn àròsọ The Last of the Mohicans tí James Fenimore Cooper tẹ̀ jáde ní 1826, ìwé Nature tí Ralph Waldo Emerson tẹ̀ jáde ní 1836, níbi tó ti sọ pé ẹni tó bá dá wà nínú igbó lè bá Ẹlẹ́dàá pàdé níbẹ̀, àti àwòrán The Oxbow tí Thomas Cole yà ní ọdún 1836 kan náà. Apá ọ̀tún ni mo kọ ohun tí ìjọba àti àwọn oníṣòwò ń ṣe sí: odò àfọwọ́gbẹ́ Erie tí wọ́n ṣí ní 1825, òfin tí àwọn aṣòfin ṣe ní 1830 láti kó àwọn ọmọ onílẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tó ti wà níbẹ̀ kí àwọn òyìnbó tó dé, kúrò ní ìhà ìlà oòrùn odò Mississippi, àti ìrìn tipátipá tí wọ́n mú àwọn Cherokee, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà náà, rìn ní 1838 sí 1839, tí àwọn òpìtàn fojú bù pé nǹkan bí 4,000 ènìyàn kú nínú rẹ̀. Nígbà tí mo wo ìwé náà tán, ó wá dà bí ẹni pé ọwọ́ kan ń ya igbó, ọwọ́ kejì ń gé e.

Ìbéèrè mi méjì nìyí. Kí ló fà á tí Romanticism fi pẹ́ kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Wordsworth àti Coleridge ti tẹ ewì wọn jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1798? Èyí tó sì wúwo jù: ṣé àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán yìí kò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni, àbí wọ́n rí i, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́?

Ojú Àwòrán fèsì pé:

Àbúrò, ìwé tí o pín sí méjì yẹn ti ju ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ máa ń sọ lọ. Jẹ́ kí n yára dáhùn ìbéèrè kìíní, nítorí kò gba àlàyé púpọ̀.

Owó ló fà á jù. Kò sí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè títí di 1891, nítorí náà atẹ̀wé ní New York tàbí Philadelphia lè mú ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní London, kó tún un tẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ fún ẹni tó kọ ọ́, kó sì tà á ní owó pọ́ọ́kú. Ta ló máa wá sanwó fún ọmọ Amẹ́ríkà tí kò tíì lórúkọ? Washington Irving wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó fi kálàmù jẹun tí Yúróòpù sì mọ̀ wọ́n, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì wà nígbà tó kọ The Sketch Book, tó jáde ní 1819 sí 1820. Inú ìwé yẹn ni ìtàn Rip Van Winkle wà, ọkùnrin tó sùn lórí òkè Catskill fún 20 ọdún, tí ogun òmìnira jà tó sì parí kó tó jí. Nígbà tó padà dé abúlé, àwòrán Ọba George tó máa ń wà níwájú ilé èrò ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ti kun ẹ̀wù pupa rẹ̀ di búlúù, ọ̀pá àṣẹ ọwọ́ rẹ̀ ti di idà, wọ́n sì ti kọ orúkọ Ọ̀gágun Washington sábẹ́ rẹ̀. Ojú Ọba George ni wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá dé ibẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ṣe àwòrán yẹn gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe Romanticism wọn: ojú ti Yúróòpù ni, ẹ̀wù ni wọ́n pààrọ̀.

Ẹ̀wù tuntun ọ̀hún ni igbó. Yúróòpù ní ààfin tó ti wó àti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí ìtàkùn ti bò, tí akéwì lè jókòó tì kó máa ronú sí ìgbà tó ti kọjá. Amẹ́ríkà kò ní irú rẹ̀, tàbí kí n kúkú sọ pé wọn kò ka èyí tó wà níbẹ̀ sí. Òkè, odò àti igbó kìjikìji ni wọ́n fi dípò. Ibi tí Thomas Cole ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Bolton ní Lancashire ni wọ́n bí Cole sí ní 1801, níbi tí ilé iṣẹ́ aṣọ ti gba ìlú kan, iṣẹ́ bátánì tí wọ́n ń tẹ̀ sára aṣọ òwú ló sì kọ́kọ́ kọ́. Ó bá àwọn òbí rẹ̀ dé Amẹ́ríkà ní 1818. Ní 1825 ó wọ ọkọ̀ ojú omi gòkè odò Hudson lọ sí òkè Catskill, nígbà tó sì padà dé, ó fi àwòrán mẹ́ta sí ojú fèrèsé ìsọ̀ kan ní New York. John Trumbull tó jẹ́ àgbà ayàwòrán rà ọ̀kan, ó sì ké sí William Dunlap àti Asher Durand pé kí wọ́n wá ra méjì yòókù. Bí òkìkí Cole ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù October ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ṣí odò àfọwọ́gbẹ́ Erie, máìlì 363 láti Albany dé Buffalo. Odò Hudson tó gbé ayàwòrán lọ sókè, òun náà ló ń gbé ọkà àti pákó bọ̀ nísàlẹ̀. Kódà, hòtẹ́ẹ̀lì ti wà lórí òkè Catskill láti 1824. Nítorí náà, kì í ṣe ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tíì tẹ̀ ni Cole lọ yà. Ibi tí àwọn olówó ti ń lọ gbatẹ́gùn ni.

Wàyí o, jẹ́ ká dé orí The Oxbow. Ó wà ní Metropolitan Museum ní New York, fífẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì. Bí o bá dúró níwájú rẹ̀, orí Òkè Holyoke ní Massachusetts ni o wà, òjò líle ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjá lọ. Ní apá òsì, igi kan wà tí ara rẹ̀ ti ya, tí ẹ̀ka rẹ̀ ti kán, òjò ṣì ń rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, igbó náà ṣókùnkùn, kò sì sí ọ̀nà kankan nínú rẹ̀. Ní apá ọ̀tún, oòrùn ti yọ sórí odò Connecticut tó tẹ̀ yípo bí àjàgà ọrùn màlúù, oko tí a pín sí abala-abala bí ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀ wà lẹ́bàá rẹ̀, èéfín sì ń rú níbi tí ènìyàn ń gbé. Láàárín méjèèjì, nísàlẹ̀, lábẹ́ àpáta, ni Cole ya ara rẹ̀ sí, kékeré bí ọmọńdinrín, ó dé fìlà, ó yíjú padà wò wá bí ẹni tí a já lu lẹ́nu iṣẹ́. Agboòrùn rẹ̀ tó ti pa dé wà lórí àpáta, ó nà jáde sí ìhà odò. Lórí òkè tó jìnnà lódì kejì, àwọn ibi tí wọ́n ti gé igi kúrò ṣe àmì kan tí àwọn onímọ̀ kan ń kà gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà Hébérù tó ń pe orúkọ Nóà. Èmi kò rí i títí ẹnì kan fi sọ fún mi, àmọ́ láti ìgbà náà, n kò lè ṣàìrí i mọ́.

Nítorí náà, ó rí i, àbúrò. Ní 1836 yẹn náà ló tẹ àròkọ kan jáde lórí ẹwà ojú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tó ti dárò pé ojoojúmọ́ ni àáké ń ba igbó jẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ta ló ń ra iṣẹ́ rẹ̀? Luman Reed, oníṣòwò oúnjẹ kan tó lówó gan-an ní New York, ló gbé àwòrán márùn-ún The Course of Empire fún un ṣe, èyí tó dá lórí bí ìlú ńlá ṣe ń dìde láti inú igbó tó sì ń padà di ahoro; Reed kú ní 1836 kí Cole tó parí wọn. Owó òwò ni wọ́n fi ra ìdárò fún ohun tí òwò ń pa. Ìdáhùn mi nìyẹn: wọ́n rí i, wọ́n dárò rẹ̀, ìdárò ọ̀hún sì di ọjà.

Ìdí Igi fèsì pé:

Mo bá Ojú Àwòrán rìn títí dé gbólóhùn ìkẹyìn, ibẹ̀ ni mo ti yà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ náà bá mu, pàápàá àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́, nítorí òǹkọ̀wé máa ń sọ ohun tí ayàwòrán lè fi igi bò.

Ẹ mú Cooper. Bàbá rẹ̀ ló tẹ ìlú Cooperstown dó, tó sì ń pín ilẹ̀ tà fún àwọn tó ń bọ̀ wá gé igbó, nítorí náà inú ilé ló ti mọ ohun tó ń kọ. Nínú The Pioneers, tó jáde ní 1823, ẹyẹlé igbó bo ojú ọ̀run ṣú ní àárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo abúlé sì jáde: àwọn kan gbé ìbọn, àwọn ọmọdé gbé ọfà, àwọn mìíràn ń fi ọ̀pá gígùn lu ẹyẹ tó bá fò wálẹ̀, nígbà tó sì yá, wọ́n wọ́ àgbá kékeré kan tó ṣẹ́ kù láti ìgbà ogun jáde, wọ́n ń yìn ín sáàárín ẹyẹ. Ẹyẹ kún ilẹ̀ débi pé kò sí ẹni tó lè ṣà á tán. Natty Bumppo, ọdẹ àgbàlagbà, fi ọta kan ṣoṣo pa ẹyẹ kan ṣoṣo, ó mú un, ó ní èyí tó tó òun jẹ nìyẹn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Adájọ́ tó ni ilẹ̀ náà kópa nínú ìpakúpa yẹn, ẹ̀yìn ìgbà tó parí ni ọkàn rẹ̀ wá ń gún un. Ní September 1914, ẹyẹ tó gbẹ̀yìn nínú irú àwọn ẹyẹlé náà kú nínú ọgbà ẹranko ní Cincinnati. Cooper ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 90 ọdún ṣáájú, kò sì fi ẹwà kankan bò ó.

Henry David Thoreau ni èkejì. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ó lọ gbé létí adágún Walden lórí ilẹ̀ Emerson láti July 4, 1845 títí di September 6, 1847, nínú ilé tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 15, tó sì ṣírò owó tó ná lé e: dọ́là 28 àti sẹ́ǹtì 12 àbọ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í rántí ni ibi tó ti rí pákó. Ó ra ahéré James Collins, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ojú irin, ní dọ́là 4 àti sẹ́ǹtì 25, láti tú pákó ara rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó lọ gbà á, ó pàdé ìdílé náà lójú ọ̀nà, gbogbo ẹrù wọn wà nínú ìdì kan: ibùsùn, ọlọ kọfí, dígí àti adìyẹ. Ológbò wọn nìkan ni kò bá wọn lọ. Ó sá wọgbó, nígbà tó ṣe, ó kó sí pàkúté, ó sì kú. Thoreau ló kọ èyí fúnra rẹ̀. Kò ní ká gbàgbé pé inú ahéré ẹlòmíràn ni pákó òun ti wá, bẹ́ẹ̀ ni kò fi pa mọ́ pé ọkọ̀ ojú irin ń kọjá létí adágún tí òun ń ronú sí.

Ó tún ya orí kan sọ́tọ̀ nínú Walden fún àwọn tó ti gbé inú igbó yẹn kí òun tó dé. Cato Ingraham wà lára wọn, ẹrú ọ̀gbẹ́ni kan ní Concord, ìlú tí adágún náà wà. Zilpha wà níbẹ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ranwú tó sì ń kọrin ketekete, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n mú lẹ́rú ogun ní 1812 dáná sun ilé rẹ̀ pẹ̀lú ajá, ológbò àti adìyẹ rẹ̀. Brister Freeman wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí igi ápù tó gbìn ṣì ń so nígbà tí Thoreau ń kọ̀wé. Ibi tí gbogbo ayé ń pè ní igbó ìdánìkanwà, ibùgbé àwọn tí wọ́n ti fi ṣe ẹrú rí ni, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà kí wọ́n dúró sí. Ẹni tó kọ èyí kò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Emerson ńkọ́? Ní April 1838, ó kọ lẹ́tà gbangba sí Ààrẹ Martin Van Buren láti tako kíkó àwọn Cherokee kúrò. Wọ́n kó wọn náà ni. Mi ò ní fi lẹ́tà kan gbé e ga ju bó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kó wà lójú ìwé rẹ, àbúrò, láàárín apá òsì àti apá ọ̀tún.

Òǹkàwé Òru fèsì pé:

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé igi nìkan ni Romanticism. Edgar Allan Poe, òǹkọ̀wé ìtàn ẹ̀rù, jẹ́ Romantic dé góńgó, bẹ́ẹ̀ ni ilé tó ń ya, ọkàn tó ń dàrú àti òkú tí wọn kò sin dáadáa ló gba ìwé rẹ̀ kan. Ohun tó kàn án ni òkùnkùn inú ènìyàn, ilẹ̀ tó bá wù kó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ igbó dandan, ẹ lọ wo igbó inú The Scarlet Letter tí Nathaniel Hawthorne tẹ̀ jáde ní 1850. Ọmọ Salem ni, ọ̀kan nínú àwọn bàbá ńlá rẹ̀ sì jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ nígbà tí wọ́n ń pa ènìyàn lórí ẹ̀sùn àjẹ́ níbẹ̀ ní 1692, nítorí náà kò rọrùn fún un láti gbà pé ènìyàn dára láti inú wá bí Emerson ṣe ń sọ. Hester Prynne, obìnrin tí wọ́n fi dandan mú láti máa wọ lẹ́tà A pupa sáyà nítorí àgbèrè, bọ́ lẹ́tà náà kúrò láyà rẹ̀ nínú igbó, ó sọ ọ́ nù, ó tú irun rẹ̀ sílẹ̀, oòrùn sì tàn lójijì. Bí àwọn Romantic ṣe ń ṣe nìyẹn, ẹ máa rò pé ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n Pearl, ọmọ rẹ̀, dúró sódì kejì odò kékeré kan, ó ń na ìka sí àyà ìyá rẹ̀, ó ń ké, kò sì gbà láti wá títí ìyá fi ṣa lẹ́tà náà, tó fi í padà sí àyà, tó tún di irun rẹ̀ mọ́ inú fìlà. Igbó fún obìnrin náà ní òmìnira ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ojú ewé mìíràn nínú gbogbo ìgbà yẹn tó dá Emerson lóhùn tó bẹ́ẹ̀.

Herman Melville tẹ̀lé e. Òun àti Hawthorne pàdé níbi tí wọ́n ti jọ gun Monument Mountain ní August 1850, ó sì fi Moby-Dick tó jáde ní 1851, ìtàn ọ̀gá ọkọ̀ kan tó ń lépa àbùùbùtán funfun, jin Hawthorne. Òkun ni igbó tirẹ̀, kò sì ní àánú ẹnikẹ́ni. Ìwé náà kò tà. Melville lo 19 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ́bodè ní èbúté New York.

Akẹ́kọ̀ọ́ Lítíréṣọ̀ fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti lọ tún orí tó sọ nípa Zilpha kà, mi ò mọ bí mo ṣe fò ó dá nígbà àkọ́kọ́. Ohun kan ló kù. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, àwọn ọmọ onílẹ̀ àti àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ́ ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ṣé kò sí ìkankan nínú wọn tó mú kálàmù tàbí búrọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ nígbà náà?

Ìyá Onítàn fèsì pé:

Wọ́n wà, ọmọ mi, ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ sì ti máa rí ìdáhùn.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí Òǹkàwé Òru ti dá ọ̀rọ̀ dúró. Pequod ni orúkọ ọkọ̀ inú Moby-Dick. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà ṣàlàyé pé orúkọ ẹ̀yà olókìkí kan ní Massachusetts ni, tí wọ́n ti parun pátá bí àwọn ará Mídíà àtijọ́. Irọ́ ni. Àwọn Pequot kò parun; wọ́n wà ní Connecticut títí di òní, ìjọba àpapọ̀ sì tún fọwọ́ sí ọ̀kan nínú àwùjọ wọn ní 1983. William Apess, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì tó jẹ́ ọmọ Pequot, ti tẹ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, A Son of the Forest, jáde ní 1829, ọdún 22 ṣáájú Moby-Dick. Bákan náà ni ti Cooper: àwọn Mohican tó sọ pé ẹni ìkẹyìn wọn ti kú ṣì wà ní Wisconsin, níbi tí wọ́n lé wọn dé. Ìdí Igi yìn ín nítorí ẹyẹlé, ó sì tọ́. Ẹyẹ tó ń parun ní tòótọ́, Cooper rí i. Ènìyàn tí kò parun, ó sin ín láàyè.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kọjá pé wọ́n rí tàbí wọn kò rí. Kí igbó tó lè di igbó òfìfo tí ọkàn kan ṣoṣo lè dúró nínú rẹ̀ láti bá Ẹlẹ́dàá sọ̀rọ̀, ìtàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé àwọn onílé ti lọ. Òǹkọ̀wé tó ń sunkún pé wọ́n ti lọ ń bá ẹni tó ń lé wọn ṣiṣẹ́, bí kò tilẹ̀ mọ̀, nítorí kò sí ẹni tó máa ń dá ilẹ̀ padà fún òkú.

Apess mọ̀. Ní January 1836, ó dúró ní gbọ̀ngàn Odeon ní Boston, ó sì sọ̀rọ̀ ìyìn lórí Metacom, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní King Philip, ọba tó bá àwọn àlejò jagun ní 1675 tí wọ́n sì pa ní 1676. Ó fi í wé George Washington níwájú àwọn ọmọ àwọn tó pa á. Ó ní December 22, ọjọ́ tí wọ́n fi ń rántí ìgúnlẹ̀ àwọn Pilgrim, ìyẹn àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wá tẹ̀dó sí Massachusetts ní 1620, àti July 4, ọjọ́ òmìnira, jẹ́ ọjọ́ ọ̀fọ̀ fún àwọn ènìyàn òun. Ní July 4 yẹn náà ni Thoreau kó lọ sí Walden ní ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀. Akọni tó dìde tako agbára ńlá, tó sì ṣubú pẹ̀lú iyì, ni àwọn Romantic fẹ́ràn jù lọ. Apess mú irinṣẹ́ wọn, ó sì fi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Frederick Douglass, ẹni tó sá kúrò lóko ẹrú, ṣe bákan náà nínú ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ ní 1845. Ó sọ bí òun ṣe máa ń dúró létí omi Chesapeake lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lóun nìkan, tí òun ń wo ìgbòkun funfun tó ń lọ, tí òun sì ń bá àwọn ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́. Gbogbo ohun tí Emerson fẹ́ ló pé síbẹ̀: ọkàn kan, omi rẹpẹtẹ, ọ̀run lórí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń lọ, ẹrú dúró. Nígbà tó sì wọgbó lẹ́yìn tí Covey, àgbẹ̀ tí wọ́n fi í háyà fún, lù ú bolẹ̀, ibi ìsápamọ́ ni igbó jẹ́ fún un, ebi sì ń pa á nínú rẹ̀. Ní ti àwòrán, wá iṣẹ́ Robert S. Duncanson, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ tó sì ń ya ilẹ̀ àti omi ní Cincinnati, níbi tí odò Ohio nìkan pààlà láàárín rẹ̀ àti ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń ta ènìyàn. Ó ya Blue Hole, Little Miami River ní 1851: omi tó dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn apẹja kéékèèké létí rẹ̀. Wò ó pẹ́ díẹ̀, kí o tó pinnu pé àlàáfíà lo rí.

Ojú Àwòrán fèsì pé:

Mo túúbá fún Ìyá Onítàn. Mo sọ pé Amẹ́ríkà kò ní ahoro àtijọ́, mo sì yára tún un ṣe, àmọ́ àtúnṣe yẹn ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un. Lẹ́yìn tí Cole kú ní 1848, Asher Durand ya Kindred Spirits ní 1849, níbi tí Cole àti akéwì William Cullen Bryant ti dúró lórí àpáta ní Catskill tí wọ́n ń wo àfonífojì. Bí ẹ bá wo igi kan ní apá òsì dáadáa, ẹ máa rí orúkọ àwọn méjèèjì tí wọ́n gbẹ́ sára èèpo rẹ̀. Mo ti máa ń rò pé àmì ọ̀rẹ́ lásán ni. Lẹ́yìn ohun tí mo kà níbí, bí ẹni tó ń kọ orúkọ sára ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ló rí sí mi.

Ní ti ìdánwò, àbúrò, má gbìyànjú láti kó ogójì ọdún sínú ìdáhùn kan. Mú 1836 nìkan: The Oxbow, Nature, àti ọ̀rọ̀ Apess ní Boston. Apess ni kí o fi ṣáájú, nítorí January ló sọ tirẹ̀.